Èébú Tí Kò Ní Àmì Lórí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Búrẹ́dì ló ń ṣe, èmi ni mo sì ń bá a po ìyẹ̀fun. Gbígbóná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí igbe tó máa ń ké tó bá ti fa páànù jáde nínú ààrò: "Gbígbóná rè é o!" Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá a fa ọ̀rọ̀ rí mọ̀ pé orúkọ náà kì í ṣe ti búrẹ́dì nìkan. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ààrò yẹn àti ẹnu yẹn ló fi tọ́ ọmọbìnrin tó bí, ó sì tọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí ìbò ń bọ̀, ó lọ ra fóònù tuntun, bí wàhálà ṣe dé nìyẹn. Àdúgbò wa ní gúrúùpù kan lórí fóònù, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa fi kéde ajá tó sọnù àti yàrá tó ṣófo. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ òṣèlú fi gba ibẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ń pe àwọn tiwa ní "àgbá òfìfo", pé ariwo nìkan la mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá orúkọ tiwọn fún wọn: "ajèérún". Ó ní ọ̀gá wọn ló ń jẹ búrẹ́dì, èérún tó bá já bọ́ nílẹ̀ ni àwọn ń ṣà jẹ. Kíá, orúkọ náà ti di ohun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń bú ara wọn ní títì. Ẹni tó bá pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀, yóò gba dìndìnrìn, yóò gba olórí kunkun, yóò sì gba ajèérún ní ènì. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Inú tirẹ̀ ń dùn bí ẹni tó bí ìbejì.

Ní gbogbo àsìkò yìí, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni àfẹ́sọ́nà ọmọ náà, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ṣe. Àbùkù kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi rí lára rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kejì ló ń ṣe. "Ajèérún ni," ó máa ń wí, "ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ kejì fi ẹ̀gbọ́n mi sáàárín lórí gúrúùpù náà: àgbá òfìfo níhìn-ín, àgbá òfìfo lọ́hùn-ún. Ó sì sanra, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ibẹ̀ ni ọmọ oníná ti kọ tirẹ̀ sí i: "Mama, agba ni yin. Ariwo yii ti to."

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ìyẹ̀fun. "Èmi! Èmi ló pè ní àgbá! Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì mi lọ́fẹ̀ẹ́!" Kí n tó nu ọwọ́ mi tán, ó ti dá a lóhùn lójú gbogbo ayé: "Ẹlẹ́nu bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà jíjó, o ò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé." Ni àwọn ẹgbẹ́ wa bá ń fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́: "Màmá, ẹ fún un sí i!"

Ọmọ rẹ̀ wọlé, ó kà á, ó bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ ti ba ayé mi jẹ́."

"Ṣé o ò rí ohun tó pè mí ni? Bí èmi bá jẹ́ àgbá, kí ni ìwọ? Garawa?"

Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Ẹ̀rù sì bà mí, torí mo mọ ìwà rẹ̀: tó bá ti ní ó tán, ó tán náà nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ oníná náà dé tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"O tún ń béèrè?" Ó ti fóònù sí i lọ́wọ́. "Kà á! Ka ohun tí o kọ sí mi, kí àbúrò mi fi etí ara rẹ̀ gbọ́."

Ọmọ náà kà á sókè. "Màmá, àgbà ni yín. Ariwo yìí ti tó."

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn.

"Kí lo pè mí?"

"Àgbà, Màmá. Àwọn ọmọdé ló ń bú yín, mo ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Fóònù mi ni kò ní àmì ohùn."

"Kì í ṣe àgbá?"

"Àgbá kẹ̀! Màmá!"

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ má dá mi lẹ́bi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú tó ti wú. Ìyá rẹ̀ alára rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpò ìyẹ̀fun, tí funfun gba gbogbo ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rántí ohun tóun náà kọ, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ pa á rẹ́, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Àwọn tó ti kà á ńkọ́?"

Ó mú fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: "Mo ṣi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kà, kò bú mi. Ẹ̀bi mi ni. Ọmọ mi ni, ẹni tó bá bú u, èmi ló bú." Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ "ẹ̀bi mi ni" lẹ́nu rẹ̀ rí, omi sì bọ́ lójú mi.

Kò dùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa nínú. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ kíá: "Gbígbóná, ajèérún yìí lẹ ń pè lọ́mọ? Ìgbà wo lẹ bí ọkùnrin?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ náà, tó ti kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ wa, tó ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó fi ìka tó kún fún ìyẹ̀fun tẹ èsì rẹ̀:

"Láàárọ̀ yìí."