Ọmọ Nọ́ọ̀sì Ò Jẹ Ẹ̀fọ́

Kò sí ìyá ọlọ́mọ ní Aramọkọ tí kò mọ Nọ́ọ̀sì Adédoyin. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló máa ń dúró níwájú wọn, tí yóò to ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹyin àti edé sórí tábìlì, tí yóò máa ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ọmọdé jẹ. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Bó bá ń ròyìn ẹ̀wà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó á tún máa dá itọ́ mì.

Ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá mi kọjú sí tirẹ̀, nítorí náà èmi mọ ohun tí àwọn ìyá ọlọ́mọ kò mọ̀. Ìkẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í jẹ ju búrẹ́dì àti indómì lọ. Ọ̀bẹ tó mú kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Kò sí ọgbọ́n tí kò dá. Ó lọ ẹ̀fọ́ mọ́ ata kí ọmọ má baà rí i. Ọmọ gbóòórùn rẹ̀. Ó gé mọ́ínmọ́ín bí ọkọ̀. Ọmọ wa ọkọ̀ náà yí ilé ká, ó sì gbé e fún adìẹ. Ó bẹ̀ ẹ́, ó kọrin fún un, ó ṣèlérí bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, ó ń lọgun. Ọmọ náà á kàn pa ẹnu dé, á máa wo ojú rẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, àfi kí ẹ bá mi wá ẹni tó lè gba irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ohun tó ń já Adédoyin láyà jù ni pé ọmọ náà ń rù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e sórí ìwọ̀n, oṣù mẹ́ta léra ni ìlà inú káàdì rẹ̀ sì fi ń lọ sílẹ̀. Ta ni yóò bi léèrè? Ṣé àwọn tó ń kọ́ ni? Bàbá ọmọ tó wà ní Àbújá kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lórí fóònù: "Ṣé ìwọ kọ́ ni nọ́ọ̀sì ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn bí èmi tí kò fẹ́ nínú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, "mi ò mọ ibi tí mo lè sá gbà."

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè é sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ní Adó. Ó fi Ìkẹ́olúwa sọ́dọ̀ Tàwàkálítù, ará Ìwó tó ń ta ike níwájú ilé wa, tó ní ọmọ mẹ́ta. Ó gbé indómì sínú fúláàsì fún un, ó sì ṣàlàyé bó ṣe máa fún ọmọ jẹ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ máa lọ," ni Tàwàkálítù wí. "Ebi ò ní pa ọmọ lọ́dọ̀ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Adédoyin tètè dé. Ó rí fúláàsì lórí àga, ó ṣí i, indómì wà níbẹ̀ bó ṣe gbé e síbẹ̀. Ó fi ìbínú gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Èmi náà tẹ̀lé e, torí mi ò fẹ́ kí ìjà yẹn fò mí dá.

Ọmọ mẹ́rin ló yí abọ́ kan ká nílẹ̀. Àsáró ni, ẹ̀fọ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ìkẹ́olúwa ń fọwọ́ bù ú, ó ń yára, nítorí Rídwàn, àkọ́bí Tàwàkálítù, kì í dúró de ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ. Epo ti dé ìgbọ̀nwọ́ Ìkẹ́olúwa.

"Ẹ má jẹ ẹ́ tán o!" ló ń pariwo.

Inú Adédoyin dùn débi pé ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀. Ó tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú," Tàwàkálítù rọra wí. "Láti àná ló ti ń jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síta díẹ̀."

Ó padà síta. Mo rí ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gidigidi.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, yóò gbé iṣu, ẹ̀fọ́ àti ẹja fún Tàwàkálítù, yóò sì wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi títí àwọn ọmọ á fi ṣanwọ́. Ìlà inú káàdì ti ń gòkè. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ bi í lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé, "Nọ́ọ̀sì, kí lẹ fún ọmọ yìí jẹ ní ulé yín tó fi sanra báyìí?" Ó ní ẹ̀fọ́ ni.

Lánàá, a gbọ́ ohùn Ìkẹ́olúwa láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìyá Rídwàn, ẹ bù sí i fún mi!"

Adédoyin dìde fùú. Ó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì padà wá jókòó.

"Lọ wò ó," mo wí.

"Bí mo bá lọ, á ṣíwọ́," ló dáhùn.