Ẹni Tó Bá Ọkọ Mi Gbé Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè mí ní òpùrọ́. Ojú mi yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ lẹ́bàá gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ìwé mẹ́fà péré ni mo sì kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù fún èmi nìkan.

Fọ́tò ni mo fẹ́. Akin ọkọ mi ti wà ní Ítálì nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó wa ní Ajue. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, àbúrò rẹ̀ bá a dọ̀bálẹ̀, èmi jókòó ti fọ́tò náà. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, fún ọkọ ẹ ní kéèkì jẹ o!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé físà mi ò tíì jáde. Mò ń dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pè mí lórí fídíò. Ó ní, "Ìyàwó mi, a ò tíì jáde pa pọ̀ rí. Mo wá sí ìlú àtijọ́ kan tí gbogbo ayé ń wá wò. Lónìí, èmi àtìẹ la jọ máa rìn ín."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Orí omi ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí, bíi ti àwọn Ìlàjẹ, àfi pé òkúta ni ilé tiwọn. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dán bíi wúrà hàn mí, ó fi ẹyẹlé hàn mí. "Bó o bá dé, ibí la máa kọ́kọ́ wá." Mo tún gèlè mi ṣe, bí ẹni pé mo ti wà níbẹ̀.

Nígbà tó dé orí afárá kan, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹyẹ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ méjèèjì. Ẹ dúró níbẹ̀ ná.

Mo rọra bi í pé, "Ta ló bá yín gbé fóònù?"

Ẹ̀rín rẹ̀ kú. "Ẹnì kan tó ń kọjá ni."

Ẹni tó ń kọjá kì í tẹ̀ lé èèyàn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé orí afárá. Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú.

Wọ́n tún ń lọ. Akin ṣíwájú, fóònù ń tẹ̀ lé e. Mo tẹ́tí. Ìró bàtà Akin nìkan ló ń dún lórí òkúta. Ẹni tó gbé fóònù kò ní ìró ẹsẹ̀.

Wọ́n wá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ní gíláàsì ńlá. Inú gíláàsì yẹn ni mo ti rí i: obìnrin kan nínú kóòtù dúdú. Apá kóòtù náà ti sún sókè, àpá iná sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó rí bí ewé kókò.

Mo mọ àpá náà. Èmi ni mo di aṣọ mọ́ ọn lọ́jọ́ tí epo gbígbóná dà sí i lọ́wọ́ níbi tí a ti ń ṣe epo pupa. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Àǹtí Bọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ pa á lọ́nà Bìní kí èmi àti Akin tó mọra. Ojú mi ni wọ́n ṣe da erùpẹ̀ lé e lórí, lẹ́yìn ilé bàbá wa.

Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé lè lọ máa gbé ní ìlú mìíràn, kó ṣòwò, kó tún lọ́kọ. Àkúdàáyà. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pè é lórúkọ, ó máa pòórá níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé òkú lè kọjá òkun láìgba físà, tí èmi alààyè ṣì ń dúró.

Ó rí i lójú fóònù pé mo ti dá òun mọ̀. Ó fi ìka lé ètè, ó gbé ẹnu sún mọ́ fóònù.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Má pè mí. Mo ti ní ilé níbí."

Ilé. Ilé ta ni? Ilé ọkọ mi!

Ẹnu mi tí kì í là láàárín èrò, ó là. "Àǹtí Bọ̀sẹ̀!"

Fóònù bọ́ sílẹ̀. Mo rí ojú ọ̀run, mo rí ẹyẹlé tó fò. Mo gbọ́ tí Akin ń ké: "Tósìn! Tósìn!" Orúkọ tí òun mọ Àǹtí mi sí nìyẹn; kò pe orúkọ tèmi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó gbé fóònù, ó di kóòtù òfìfo mọ́ àyà.

"Kí lo ṣe fún ìyàwó mi?"

Ìyàwó mi. Èmi tí mo jókòó ti fọ́tò ńkọ́?

Kò pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àjẹ́ ni mí. Mi ò sì lè sọ fún ìyá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọmọ rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ tírélà kan tó ń ná ọ̀nà Kàlàbá yà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó fẹ́ kí n rán búláòsì fún ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Mo ní kí ìyàwó wá kí n wọ̀n ọ́n. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó na búláòsì àtijọ́ kan sí mi.

"Ìyẹn? Sísítà, ó tijú jù ẹ́ lọ. Kì í fẹ́ kí èrò rí òun." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí apá rẹ̀ gùn dáadáa. Epo gbígbóná ti jó o lọ́wọ́ rí."

Ẹ̀rọ dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn lókè òkun, bó bá ń fi ìlú hàn yín, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí méjèèjì, ẹ pa fóònù. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ẹ ti sin, mo bẹ̀ yín, ẹ má pè é, ohun yòówù tó lè ti gbà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀la ni awakọ̀ náà ń bọ̀ wá gbé aṣọ. Mo ti rán an tán. Apá rẹ̀ gùn dé ìka. Mi ò sì ní béèrè orúkọ ìyàwó rẹ̀.