Láfún Orí Àpáta

Bí bàbá mi ṣe gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri pálọ̀ báyìí, ìyá tó bí ìyá mi bú sẹ́kún. Ilé ìtẹ̀wé tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú ló fi àwòrán ọ̀hún ṣe kàlẹ́ńdà tán, ni wọ́n bá ní kó máa gbé e lọ sílé wa ní Bàrígà. Òkè gàgàrà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró, ojú ọ̀run tó dúdú, àti nǹkan funfun tó bo orí àpáta. Kò sí ènìyàn kankan.

"Ta ló sá láfún síta tójò ṣú báyìí?" ni ìyá àgbà bi wá.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Màmá, yìnyín ni o. Ìlú òyìnbó ni wọ́n yà."

"Yìnyín kẹ̀? Ọkọ wa, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fi láfún han ọmọ Ẹ̀gbá?"

Lọ́sàn-án, tí a bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó máa ń sọ ìdí ẹkún náà fún mi. Orí àpáta làwọn obìnrin abúlé wọn ti ń sá láfún, torí àpáta máa ń gbóná, láfún á sì tètè gbẹ. Òórùn kíkan rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ nílé ọkọ l'Ékòó, òjò ṣú. Ìyá rẹ̀ ń gun àpáta lọ, ó ń pè é pé, "Wá bá mi kó o kójò tó dé!" Ṣùgbọ́n dírẹ́bà ti ń fun fèrè. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀ wá kí wọn ní Iléyá, ló bá wọkọ̀. Kí Iléyá tó dé, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.

"Òun nìkan ló kó o," ni ìyá àgbà máa ń wí. "N kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó kó o tán."

Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, ó ń tiraka láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tí a gbé sí pálọ̀ fún un, ó tẹjú mọ́ àwòrán ara ògiri. "Ẹ jẹ́ n lọ kó o."

Ìyá mi dì í mú. "Ẹ sinmi, Màmá. Mo ti kó o."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Òjò ò kàn án rárá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run á jẹ́ kọ́mọ tìẹ náà bá ẹ kó o." Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ.

Ó ṣì ń dùn mí. Àwòrán ọ̀hún ti ṣá, bàbá mi ti gbé e sọ nù. Ìyá mi náà ti ń darúgbó báyìí. Bó bá ní kí n ran òun lọ́wọ́ díẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń dúró. Ọ̀gá mi lè bínú bó ṣe wù ú. N kò fẹ́ máa wo ògiri sunkún lọ́jọ́ alẹ́ mi.