Alárinà Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Ìdó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí lọ́rì gbé èmi àti Màmá Adéọlá kúrò ní Ìkọ̀lé. Àbúrò ìyá mi ni, òun náà ni alárinà láàárín èmi àti Fọlákẹ́, ọmọ Ìdó. Iṣu tí a fẹ́ fún bàbá Fọlákẹ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣílè kan àti sísì ni owó ọkọ̀ ẹnì kan.

Ní Ọ̀yẹ́, a jẹ àkàrà gbígbóná. Awakọ̀ ń nu eruku lára gíláàsì, ó ní, "Láti aginjù tí Faransé ti ń yin bọ́ǹbù átọ́míìkì lèyí ti ń bọ̀." Gbogbo èrò fi aṣọ bo imú. Èmi ò ráyè bọ́ǹbù. Mo ti gbọ́ pé Táyọ̀, tí a jọ lọ sí ilé ìwé, tí ojú rẹ̀ wà lára Fọlákẹ́ tipẹ́, ti ti Èkó dé.

Pálọ̀ bàbá Fọlákẹ́ gan-an la ti bá a, tòun ti táì. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣàlàyé bí ìjọba wa ṣe lé aṣojú Faransé lọ, ìyẹn ẹni tí wọ́n rán wá máa gbé ọ̀dọ̀ wa láti gbẹnu sọ fún wọn. Fọlákẹ́ ń wò ó lẹ́nu. Mo jowú, mi ò ní purọ́.

Mo bi í pé, "Nígbà tẹ́ ẹ lé e tán, ṣé bọ́ǹbù dáwọ́ dúró?"

"Rárá," ni Táyọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé a bínú. Ibi tó kù sí ni pé bí ọ̀rọ̀ bá tún délẹ̀, ta la máa rí bá sọ ọ́?"

Bàbá Fọlákẹ́ yìn ín. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo fa Màmá Adéọlá síta, mo ní ká kó iṣu wa padà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kó iṣu àna padà ti kọ ìyàwó nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá Adéọlá jókòó lé iṣu náà lórí. "Ìwọ máa lọ ulé," ó ní. "Bí èmi náà bá tẹ̀lé ọ, ta ni yóò sọ tìẹ níbí? Táyọ̀?"

Èmi nìkan ni mo wọkọ̀ padà sí Ìkọ̀lé. Mi ò lè jẹun alẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà, Màmá Adéọlá àti Fọlákẹ́ jọ wọlé dé. Fọlákẹ́ ní Táyọ̀ béèrè òun lọ́wọ́ bàbá òun, bàbá sì ní kò ṣeé ṣe, alárinà ẹlòmíràn ṣì wà nínú ilé. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn: bínú lọ, ṣùgbọ́n fi ẹni tí yóò sọ tìẹ sílẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Adéọlá. Lẹ́yìn náà ni mo bi Fọlákẹ́ bóyá Táyọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó lọ.