Alùwàlá Gbájú-ẹ̀

Òórùn ọ̀dà tútù ni mo fi ń rántí ilé tí a ti ya fíìmù ní GRA Ìlọrin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri pálọ̀ rẹ̀ kó lè jọ ilé olówó nínú fíìmù, ọ̀dà náà ò sì tíì gbẹ tí wọ́n fi ní ká wọlé. A ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin dání, kí aṣọ wa má baà kan ògiri. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà á rántí bí inú àwa onítíátà ṣe dùn tó nígbà tí fíìmù fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kálukú ń sọ pé ìyà ti tán.

Èmi ń ṣe tíṣà láàárọ̀ ní àdúgbò Basin, mo sì ń ṣeré lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan. Ọmọ ilé kéú ni ọ̀gá wa, ìdílé ààfáà ló ti wá, bàbá rẹ̀ sì kú láìgbà pé iṣẹ́ ni eré ṣíṣe. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Eré tó gbé orúkọ wa jáde ni ti gbájú-ẹ̀ kan tó múra bí ààfáà, tó lọ sílé opó kan, tó ní ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kú lòun, pé àwọn jọ lọ sí Mẹ́kà ni. Ọ̀gá ló ń ṣe gbájú-ẹ̀, èmi ni mò ń ṣe opó náà. Láti ìgbà yẹn, “Opó” ni Ọ̀gá ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi wà láàyè, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

Inú alùwàlá ni gbogbo ẹ̀rín eré náà wà. Bí mo bá ti bi gbájú-ẹ̀ ní ìbéèrè tó le, bíi “Kí ni orúkọ ọkọ mi?”, á gbé búta omi, á ká ọwọ́ aṣọ, á bẹ̀rẹ̀ alùwàlá. Ta ni yóò máa fi ọ̀rọ̀ da ẹni tó ń ṣe alùwàlá láàmú ní Ìlọrin? Á fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe yẹ, ojú rẹ̀ á tutù bíi ti ẹni Ọlọ́run. Èmi á dúró tì í. Á yọjú wò mí, á rí i pé n ò lọ, á sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ibẹ̀ ni ilé á ti dà rú, torí kò sí ọmọ Ìlọrin tí kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Lọ́jọ́ tí a ṣe é ní Òkè-Oyì, ààfáà àgbà kan rẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi tú. Ó ní, “Hàbà, ṣé omi búta yẹn ò lè tán ni?” Ọ̀gá tún bu omi. Ó ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn tó ń pè wá síbi eré bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àtọ̀gbẹ sì ti mú Ọ̀gá. Òun náà mọ̀ pé ọjọ́ ò pọ̀ níwájú mọ́. Nígbà tí onífíìmù kan wá láti ìhà Èkó pé òun fẹ́ ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn gbájú-ẹ̀, tó sì fẹ́ kó alùwàlá yẹn sínú rẹ̀, Ọ̀gá wá sílé mi fúnra rẹ̀. “Opó,” ló wí, “eré orí ìtàgé, tí a bá ti ká aṣọ, ó parí. Èyí á wà lẹ́yìn mi. Àwọn ọmọ ọmọ mi á rí ohun tí mo fi ayé mi ṣe.” Mo ní, “Àmín, Ọ̀gá.”

Àwọn òṣèré tí wọ́n kó jọ sí ilé GRA yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ, odi ni wọ́n ní kó ṣe. Obìnrin kan láti Ọ̀fà tí orin rẹ̀ máa ń mú mi gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn mí láti sọ, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló gbé wọlé, ló bá jáde, ó parí. Àwọn gbájú-ẹ̀ yòókù wọ ṣòkòtò ẹsẹ̀ kan gígùn, ẹsẹ̀ kan kúkúrú, wọ́n ń ṣẹ́jú sí kámẹ́rà. Ta ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn lù ní jìbìtì? Gbájú-ẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ lè dá mọ̀, ebi ni yóò pa á.

Ó wá kan alùwàlá. Ọ̀gá fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kẹta tán, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí fíìmù sì ní kí wọ́n pa kámẹ́rà.

“Bàbá, ó ti tó. Wọ́n ti rí i pé ẹ ń fọwọ́.”

“Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni,” Ọ̀gá wí.

Mo dá sí i, mo ní kó jẹ́ kí Ọ̀gá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin.

“Ẹ̀ẹ̀kẹrin kẹ̀, Mà? Ṣé ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ò mọ́ ni?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fídíò ò ní sùúrù. Ó ní kí Bàbá kúkú yọ̀ ṣubú sínú omi náà, kó sì pariwo pé, “Yéè, ìdí mi!” Ọ̀gá wo omi ilẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣubú, ó sì pariwo.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Ọ̀gá wọ agbádá funfun, ó jókòó tì mí. Nígbà tí búta yọ, ó di ọwọ́ àga mú. Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, fèrè tí wọ́n fi sí i dún, ó ti wà nílẹ̀. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá rọra sọ fún mi pé, “Wọ́n gé e kó tó ṣẹlẹ̀.”

Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ yí padà. Bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọ àdúgbò á máa pariwo “Yéè, ìdí mi!” tẹ̀lé e. Kì í bá wọn jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kírun nílé ni. Ó dùn mí títí dòní pé orúkọ yẹn ló gbé lọ sí sàréè.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì wá bá mi. Ó ti wo fíìmù náà.

“Mà, gbogbo èèyàn ní bàbá àgbà mọ eré ṣe.”

“Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe gan-an.”

“Mo wò ó dáadáa, Mà. N ò rí i.”

Mo dìde, mo bu omi, mo ní kó ṣe opó, kó bi mí ní orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú. Mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo yọjú wò ó, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń rín fún àgbà. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn fi ayé rẹ̀ ṣe, ọ̀dọ̀ èmi nìkan ló kù sí, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n ṣe.