Lẹ́ńsì Tó Ń Gé Èèyàn Lẹ́sẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n tàn mí jẹ. Èmi fúnra mi ni mo lọ sí ọjà tòkunbọ̀ ní Abíjàn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣa àwọn lẹ́ńsì náà. Lẹ́ńsì ni ojú kámẹ́rà, dígí róbótó tí àwòrán ń gbà wọlé. Ó ṣeé tú kúrò lára kámẹ́rà bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, kí a sì de òmíràn sí i. Àwọn òyìnbó tó ń padà sílùú wọn ló ń tà wọ́n sílẹ̀. Kúkúrú wà nínú wọn, gígùn sì wà. Àwọn gígùn tóbi, wọ́n wúwo, wọ́n ń dán, mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé ohun tó bá tóbi tó báyìí, agbára rẹ̀ á tóbi. Mo kó kúkúrú díẹ̀, mo wá kó gígùn rẹpẹtẹ. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn.

Àwọn ọdún 1980 ló ń parí lọ nígbà náà. Ìyá mi ló ń fà mí bọ̀ wálé. Ó ṣubú lẹ́yìnkùlé wa ní Èjìgbò, ọ̀pá ló sì fi ń rìn láti ọjọ́ náà. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ tí ìyá mi bí tó kù. Mo ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó wá máa bá èmi àti ọkọ mi gbé ní Abíjàn. Ó ní, “Ta ni kí n fi ilé bàbá rẹ sílẹ̀ fún? Ewúrẹ́?” Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá mi kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn líle. Ó ní, “Máa lọ, lọ dán òwò lẹ́ńsì yìí wò nílé. Bó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, dúró ti ìyá wa. Àmọ́ bí mo bá wálé ọdún Ògìyán tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, a jọ ń padà ni o.” Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n inú mi lọ́hùn-ún, mo ti mọ̀ pé n kò fẹ́ padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tún fi ìyá mi sílẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ni n ó máa gbọ́, n kò ní bá a láàyè mọ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà tà á dùn mọ́ mi. Àwọn onífọ́tò kò sí lójú kan. Ọ̀kan wà ní Ola, ọ̀kan wà ní Isundunrin, òmíràn wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, n kò sì lè máa gun ọ̀kadà kiri kí n fi ìyá mi sílẹ̀ nílé. Àwọn awakọ̀ ni mo sọ di ẹsẹ̀. N ó fi òwú wé lẹ́ńsì, n ó tì í sínú agolo mílíìkì, n ó sì fi fọ́tò tí lẹ́ńsì yẹn gan-an yà sínú agolo náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ bó ṣe ń ríran. Bó bá wù ú, owó ni yóò fi sínú agolo tó ń padà bọ̀. Bí kò bá wù ú, á dá lẹ́ńsì padà bó ṣe wá. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà mi kò fojú kan ara wa rí.

Ojú ìyá mi ni wọ́n ń rí. Òun ló máa ń jókòó sórí àpótí níwájú ògiri nígbà tí mo bá fẹ́ fi kámẹ́rà mi dán lẹ́ńsì wò, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìmira. Bí ojú rẹ̀ ṣe káàkiri agbègbè wa nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan láti Isundunrin rí i lójúde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Ẹ kú ilé o, ìyá inú agolo!” Ìyá mi ṣe bí ẹni pé inú bí i, ṣùgbọ́n ó yí gèlè rẹ̀ wé dáadáa kó tó wọlé.

Àwọn kúkúrú tà wàràwàrà. Àwọn gígùn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Bí agolo bá ti wúwo lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀, mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo lọ bá bàbá kan tó jẹ́ àgbà onífọ́tò nínú ìlú wa, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi.

Ó ní, “Màdáàmù Abíjàn, ọjà rẹ dára. Ṣùgbọ́n ó ń gé èèyàn lẹ́sẹ̀.”

Ó ní kí n wọ ṣọ́ọ̀bù òun. Ó fi àwọn fọ́tò ara ògiri hàn mí: àgbàlagbà tó kọjú síwájú gán-án, tó tẹ́ agbádá, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí etí méjèèjì hàn, tí bàtà sì hàn. Ó ní bí fọ́tò èèyàn iyì ṣe ń rí nìyẹn, láti òkè délẹ̀. Ó ní lẹ́ńsì gígùn yìí ń fa nǹkan mọ́ra jù. Bí òun bá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, orí nìkan ló ń mú. “Bí mo bá fẹ́ kí bàtà hàn nínú fọ́tò, àfi kí n máa fẹ̀yìn rìn títí n ó fi sọdá títì, kí ọkọ̀ wá pa mí. Bí mo bá sì gbé orí lásán fún bàbá olóyè, yóò bi mí pé ta ló sọ fún mi pé òun ti kú.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò délé. Mo rántí pé ìyá mi náà ti béèrè nígbà tí mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn án: “Ara mi yòókù ńkọ́?” N kò kọbi ara sí i nígbà náà.

Mo kó àwọn gígùn sínú garawa, mo da ìrẹsì gbígbẹ lé wọn lórí kí ọ̀rinrin má bàa ba dígí wọn jẹ́. Ìyá mi ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fún irin ní ìrẹsì jẹ rí. Ọdún Ògìyán ń sún mọ́lé. Ọkọ mi sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ó ní òun ń bọ̀, ó ní kí n máa palẹ̀ ẹrù mọ́ díẹ̀díẹ̀. Èmi àti ìyá mi la jọ gbọ́ ọ. Bí ohùn rẹ̀ ti parí, ìyá mi mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Kò sọ pé kí n má lọ. Ìyẹn dùn mí ju kó sunkún lọ.

Ọkọ mi dé, àwọn ará Abíjàn yòókù náà dé, ìlú kún. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ṣùgbọ́n ọmọ Èjìgbò wo ló ń jókòó sí yàrá lọ́jọ́ Ògìyán tí apá kan ìlú àti apá kejì bá fi àtòrì pàdé ara wọn? Wọ́n á na ara wọn dáadáa, wọ́n á sì tún jọ jẹun. Bàbá onífọ́tò kì í rí ìjà yìí yà. Bó bá dúró lókèèrè, àwọn èèyàn á kéré bí èèrà nínú fọ́tò. Bó bá sún mọ́ wọn, àtòrì kò mọ onífọ́tò yàtọ̀.

Lọ́dún yẹn náà, wọ́n ti fi ọ̀kan nà án lẹ́yìn kó tó sá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa wá bá èmi àti ìyá mi lókè. Ó ń bú gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ibi tó ti ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ni mo ti ń wo bí àwọn tó ń jà ṣe jìnnà sí wa tó, ọ̀rọ̀ kan sì bọ́ sí mi lọ́kàn. Mo sáré wọlé, mo gbọn ìrẹsì kúrò lára lẹ́ńsì tó gùn jù, mo gbé e wá.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká dán agẹ́sẹ̀ yìí wò. Ta ló bi yín léèrè bàtà nínú àwọn wọ̀nyẹn?”

Ó dè é mọ́ kámẹ́rà, ó fi ojú sí i. Lójijì, ó pariwo, ó fò sẹ́yìn, ó fọwọ́ bojú. Ó ní ó dà bíi pé àtòrì ń bọ̀ lójú òun ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Nígbà tí bàbá tún fojú sí i, kò gbé e kúrò mọ́ títí fíìmù fi tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó kan àwọn fọ́tò náà mọ́ pátákó níwájú ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn dí títì pa. Ọkùnrin kan tó ti Abíjàn wá ń lu àyà, ó ń pariwo pé, “Èmi rèé! Ẹ wo ẹnu mi! Ẹ wo bí mo ṣe gbé e sókè!” Ojú ni wọ́n fẹ́, eyín ni wọ́n fẹ́, àtòrì tó wà lókè orí ni wọ́n fẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹsẹ̀. Àwọn onífọ́tò tó wá wòran láti Ola àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn wà láàárín wọn, wọ́n sì rí ohun tí mo rí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn awakọ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn wa: “Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi èyí tó gùn ránṣẹ́ o.” Ẹni tó dá tiẹ̀ padà láti Isundunrin wá fúnra rẹ̀, kó má bàa tán.

Ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo bí agolo ṣe ń jáde. Nígbà tó wo garawa tó rí ìrẹsì nìkan níbẹ̀, ó ní, “Sà va, ó ti dáa. Èmi nìkan ni n ó padà. Èmi ni n ó máa rà á ránṣẹ́, ìwọ máa tà á. Ṣùgbọ́n sọ fún mi èyí tí n ó rà, kí n má lọ fi títóbi nìkan yàn án bíi tìrẹ.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́.

Mo wọ yàrá lọ bá ìyá mi. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, “Ìyá, n kò lọ mọ́.”

“Ṣé lóòótọ́?”

“Lóòótọ́ ni, Ìyá. Mo dúró.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀pá wọ́ ẹrù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹrù tí wọ́n fi aṣọ dì tí wọ́n sì so le. Ó ní, “Bá mi tú u. Ọwọ́ mi kò ká ìdì rẹ̀ mọ́.”

Mo tú u. Aṣọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti tẹ̀sùbáà rẹ̀, àti òrí tó fi ń ra ẹsẹ̀, àti pákò tó pọ̀ bí ẹni pé kò sí igi ní ìlú mìíràn.

“Ìyá, ibo lẹ ń lọ?”

“Abíjàn ni mo rò pé à ń lọ. Láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti dé ni mo ti dì í.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò lè fi ilé bàbá mi sílẹ̀?”

Ó gbójú sí ibòmíràn. Ó ní, “Ilé bàbá rẹ kì í pè mí ní Ìyá.”

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń dá àwọn aṣọ náà padà sínú àpótí rẹ̀.