Àwọ̀ Aṣọ Yèyé Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga kọjá ìbàdí àgbàlagbà, èmi àti bàbá mi nìkan là ń gbé ní aba wa. Aba náà wà nínú igbó, láàárín Ìkòrò àti Ará. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, tí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kì í jẹ́ kí ilé yín dákẹ́, ó lè ṣòro fún yín láti mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń sọ. Tí iléèwé bá ti wà nísinmi, bí bàbá mi bá ti mú àdá rẹ̀ láàárọ̀ tó kọrí sí oko kòkó, n kò tún ní gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́ títí oòrùn á fi máa wọ̀. Mo máa ń bá adìyẹ sọ̀rọ̀. Mo máa ń bá ara mi náà sọ̀rọ̀.

Yèyé mi ti kú. Àìsàn kan báyìí ló dá a wó, kò sì dìde mọ́. Ìró kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ, ìró aláró tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ẹ̀ ṣú tán. Òun náà ni wọ́n fi wé e nígbà tí wọ́n ń sin ín. N kò rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni pé ojú yèyé mi ń parẹ́ lọ lọ́kàn mi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má béèrè fọ́tò, a kò ya fọ́tò nígbà náà. Bí mo bá di ojú mi láti rí i, aṣọ yẹn nìkan ni mo ń rí, kò sí ojú, kò sí ọwọ́. Bàbá mi kò sì jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Bí mo bá bi í léèrè, á ní, "Lọ wo uṣu tó wà lórí iná, kó má baà jóná." Bí kò bá sí uṣu kankan lórí iná, á dìde, á bọ́ síta. Nígbà tó yá, mi ò béèrè mọ́.

Ẹ̀bá aba wa ni ìjọba gbin igi tíìkì sí, wọ́n tò gbọọrọ bí ọmọ iléèwé. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣeré káàkiri níbẹ̀, mo já ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ kan, mo fi í ra àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọwọ́ mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti fara pa, mo ń wá ojú egbò. Ìgbà tí n kò rí egbò ni mo tó mọ̀ pé inú ewé ni pupa náà ti wá. Mo dúró síbẹ̀ mo ń wo ọwọ́ mi. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé, bí pupa bá lè sá pamọ́ sínú ewé tútù báyìí, a jẹ́ pé ewé kan wà nínú igbó yìí tí àwọ̀ aṣọ yèyé mi wà nínú rẹ̀. Kí n ṣáà máa wá a ni.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Bàbá mi ní àpò fúláwà kan, funfun, tó rà lọ́jà Ìkòrò láti fi ṣe aṣọ ojú fèrèsé. Mo gé etí rẹ̀ wẹ́wẹ́, n kò jẹ́ kó mọ̀. Agolo mílíìkì ni ìkòkò mi. Mo se gbòǹgbò orúwo, ó fún mi ní àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ rekete. Mo se èèpo obì, mo se ègé igi tó ti jẹrà, mo rẹ aṣọ sínú oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn sì sọ ọ́ di dúdú tó rí játijàti bí ìdí ìkòkò. Poroporo ọkà bàbà mú pupa kan wá tó dùn ún wò. Mo so gbogbo rẹ̀ rọ̀ sára okùn lẹ́yìn ilé. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kó máa yọ̀ sí i. Èmi kò yọ̀, nítorí kò sí èyí tí í ṣe òun nínú wọn.

Nígbà tí iléèwé wọlé, ọwọ́ mi ti di aláwọ̀ oríṣiríṣi, ọṣẹ kò sì ràn án. Ọmọbìnrin tó ń jókòó tì mí wò ó, ó wo ojú mi, ó sì sún lọ sí orí bẹ́ńṣì kejì. Wọ́n ní ọwọ́ mi ń rà. Bí a bá ń ṣeré tí a ní láti di ọwọ́ mú, wọ́n á yọ mí sílẹ̀. Mo máa ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò nígbà náà, mo máa ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, mo ń ro ewé tí n óò tún já lọ́nà ilé.

Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ̀ ṣe mí léṣe. Mo rí ewé kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ tó fara jọ ohun tí mò ń wá. Mo gbé e kaná, mo tẹ̀ sórí agolo láti wò ó. Ooru rẹ̀ gbá mi lójú. Ó ta mí bí ata, ojú mi méjèèjì sì wú pa dé. N kò ríran mọ́. Mo ké títí ohùn mi fi há, kò sí ẹni tó gbọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mò ń fetí sílẹ̀ de ẹsẹ̀ bàbá mi.

Nígbà tó dé, tó rí mi, ó ju ẹrù orí rẹ̀ sọnù. Ó ń bu omi tútù sí mi lójú. Ó bi mí pé, "Kí lò ń wá nínú igbó yìí gan-an? Kí ni?"

Mo ní, "Àwọ̀ aṣọ yèyé mi ni."

Ó dáwọ́ omi dúró. N kò rí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí ojú mi là dáadáa, ó jí mi láàárọ̀ kùtù, ó ní, "Wọ aṣọ rẹ. Ará là ń lọ."

Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ló mú mi lọ. Ìyá náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Láti ọ̀nà Ọ̀ṣun ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá tẹ̀dó nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, aró ló sì ń pa. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ. Àwọn ènìyàn ti ń ra aṣọ aláràbarà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìkòkò aró rẹ̀ ti gbẹ lẹ́yìn ilé, aláǹgbá ń sá wọ inú wọn.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ pa ìró kan láró fún ìyàwó mi nígbà kan. Ó ti ṣaláìsí. Ọmọ yìí ń wá àwọ̀ náà kiri inú igbó, ó fẹ́ẹ̀ fọ́jú sí i."

Ìyá náà wò mí, ó tún wo bàbá mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn tí mo pa aṣọ láró fún pọ̀, ọmọ mi. Irú ènìyàn wo ni?"

Bàbá mi wolẹ̀. Mo rò pé á ní ká máa lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ga díẹ̀. Ó pupa."

"Àwọn tó ga tó sì pupa kún Ìkòrò. Sọ sí i."

"Ó ní èéjí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á ti máa bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí."

"Sọ sí i."

"Kò mọ orin kọ rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tirẹ̀ ló máa ń ròkè jù. Láti ibi tí àwa ọkùnrin ń jókòó sí ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, ojú á sì máa tì mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. N kò rántí ìgbà tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

"Sọ sí i, ọmọ mi."

"Ọmọ yìí fi ìrìn jọ ọ́. Bó bá ń lọ níwájú mi lójú ọ̀nà, n kì í lè wò ó."

Mo jókòó lórí ẹní, n kò mira. Bí bàbá mi ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni yèyé mi ń padà bọ̀, èéjí rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, ohùn burúkú rẹ̀ nínú orin. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ìyá aláró yẹn kò rántí rẹ̀ rárá, tàbí ó ti rántí láti ìbẹ̀rẹ̀, tó kàn fẹ́ kí bàbá mi sọ̀rọ̀ ni.

Ó ní kí bàbá mi fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun títí iléèwé á fi wọlé. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti fi èlú hàn mí, ìtàkùn kan tí mo ti kọjá lára rẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo tilẹ̀ ti sè é rí, kò mú nǹkan kan jáde. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mi orí. Ó ní, "A kì í sè é. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà." A gún ewé náà, a mọ ọ́n roboto, a sá a sóòrùn. A jó igi tútù di eérú, a sẹ́ omi rẹ̀, a fi èlú sínú rẹ̀, a bò ó, a wá ń dúró. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu sọ. Bí a ṣe ń dúró, ó máa ń fi èdè mi ṣẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ní "ulé", á ní "ilé", a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sùn nínú yàrá tí mo wà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ri aṣọ funfun kan bọ inú aró náà, tí a fà á jáde, àwọ̀ ewé ni mo rí lára rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí. Ìyá náà ní, "Dákẹ́, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i." Lójú mi báyìí ni àwọ̀ ewé yẹn ń ṣú lọ, tó ń di aró. A tún rì í, a tún fà á jáde, lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tí bàbá mi wá mú mi, ó na aṣọ náà sókè sí oòrùn, ó wò ó títí. Ó ní, "Kì í ṣe òun gan-an." Ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn." A rìn títí a fi dé odò. Ibẹ̀ ló ti ní, "Yèyé rẹ máa ń bẹ̀rù omi yìí. Èmi ni mo máa ń gbé e sọdá." Ó sì gbé mi sọdá.

Láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ṣàdédé sọ ọ̀kan fún mi bẹ́ẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró dè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan ní Ẹ̀fọ̀n láti máa kàwé. Ìgbà tí mo tún fi dé Ará, ìyá aláró ti kú, wọ́n ti ta ilé rẹ̀, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù sì ń pọn omi sínú ìkòkò rẹ̀. Bàbá mi náà lọ nígbà tó tó àkókò. Aṣọ aró yẹn ni mo fi pọn àwọn ọmọ mi, ó sì gbó mọ́ wọn lára.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Wọ́n ti gé igi tíìkì, wọ́n ti dáko sí gbogbo ibi tí aba wa wà. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa níbí ní Ìjerò ń pa aṣọ láró, ó ń fi sódà àti lúbúlúbú aró inú ike ṣe é, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti parí. Aṣọ rẹ̀ dára, n kò bá a wíjọ́. Kò sí ohun tí ó ní láti dúró dè, kò sì sí ẹni tí ó ní láti bá a dúró.

Nígbà náà, inú igbó ni mo ti dá wà. Lónìí, àárín ìlú ni, pẹ̀lú iná àti ọkọ̀ àti ariwo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn, wọ́n ń ṣe dáadáa, mo dúpẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbé àga síta. Àwọn ọlọ́kadà á máa sáré kọjá. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, màmá!" ni wọ́n máa ń kí mi. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti kọjá. Síbẹ̀, mo máa ń dá wọn lóhùn.